Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Olúwa sì Yípadà, ó Wo Pétérù

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Ẹ̀kọ́ mìíràn ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àríyànjiyàn tí ó ṣẹlẹ̀ láàrín ìjọ wa, tí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láti alẹ́ Ọjọ́rú ni ẹsẹ kan kò ti jẹ́ kí n sùn, mo sì pinnu pé òun nìkan ni a ó gbé yẹ̀ wò. Ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 22, ẹsẹ 61: "Olúwa sì yípadà, ó wo Pétérù." Nínú àwọn Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Lúùkù nìkan ni ó sọ fún wa pé Jésù wò ó.

Ẹ kíyèsí bí ọ̀rọ̀ Pétérù ti pọ̀ tó ṣáájú àkókò yẹn. Ní ẹsẹ 33, ó ní òun ti múra tán láti bá Olúwa lọ sínú túbú àti sí ikú. Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí ó ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ ni ó sọ jáde, ó sì dá a lójú. Ní àgbàlá olórí àlùfáà, níbi tí ó ti ń yáná, ọ̀rọ̀ ni ó ṣì ń sọ: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sẹ́ pé òun kò mọ Jésù, títí tí àwọn tí ó dúró tì í fi sọ, gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́, pé ohùn rẹ̀ fi í hàn. Nígbà náà ni àkùkọ kọ, tí Olúwa sì wò ó. Kò bá a wí, kò sì bi í ní ìdí. Nínú èdè Gíríìkì tí Lúùkù fi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí ó lò, emblepo, ni ti kí ènìyàn tẹjú mọ́ ẹnìkan. Òun náà ni Jòhánù lò ní orí 1, ẹsẹ 42, ní ọjọ́ tí Jésù kọ́kọ́ wo Símónì tí ó sì sọ ọ́ ní Kéfà, èyí tí í ṣe Pétérù. Ojú tí ó fún un lórúkọ ni ó tún wò ó lẹ́bàá iná. Pétérù pẹ̀lú kò fèsì. Ó bọ́ síta, ó sọkún kíkorò. Ẹni tí ó ti ń ròyìn ara rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wá mọ ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí, nítorí a ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa, a ní ó mojú: bí ẹlòmíràn bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò; ìyá kò ní la ẹnu, síbẹ̀ ọmọ yóò ti rí ọ̀kánjúwà tí ó ń dìde nínú òun fúnra rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àyẹ̀wò ara ẹni, ẹjọ́ ni a ń rò. Inú wa ni ilé ẹjọ́ náà wà. Àwa ni ẹlẹ́rìí, àwa ni adájọ́, a sì ń jàre lójoojúmọ́. Ìwọ tí o ní òtítọ́ ni o sọ, mo gbà pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n nígbà tí o ń sọ ọ́, tí inú rẹ sì dùn díẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì sorí kọ́? Ìwọ tí o dákẹ́, tí o ń sọ kiri pé o kò dá sí i, ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni, àbí o ń dúró kí ẹlòmíràn bá ọ sọ ohun tí o kò fẹ́ kí a gbọ́ lẹ́nu rẹ? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé dé ilé lórí WhatsApp, bí ewú tilẹ̀ wà lórí yín, ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ tó wá síbi tábìlì Olúwa.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ro tẹnu rẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn yóò wà ní ṣíṣí láti agogo 5 sí 6 ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ wá jókòó, láìka Sáàmù, láìto ohun tí ẹ ó sọ. Ẹjọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ nínú yín. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ kíyèsí ibi tí ó ti dì yín mú, ìbáà ṣe ọ̀fun, ìbáà ṣe àyà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ níwájú Ẹni tí ń wò yín. Èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo rò pé ìbínú òdodo ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti rojọ́ tí ó sú mi, ẹ̀rù ni mo bá nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù pé ẹ ó sọ pé ìjọ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú tí ó wo Pétérù kì í ṣe ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣírí. Ní ẹsẹ 32, kí Pétérù tó fọ́nnu rárá, Jésù ti sọ pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má ṣe yẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún pàdé létí òkun lẹ́yìn àjíǹde Jésù, iná ẹyín ni ó dá dè é, pẹ̀lú ẹja àti àkàrà. Ẹni tí kò sì lè jáde sí àárín wa láti ìgbà àríyànjiyàn náà, ìjókòó rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí, a kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín.

Ìfilọ̀: Ìgbìmọ̀ ìkórè kò ní pàdé lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ìyá ìjọ yóò gbálẹ̀ ilé ìjọsìn ní Sátidé, agogo 7 àárọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, ẹ bá wa pọn omi wá fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi.