Fíltà búlúù abẹ́ mọ́tò mi

Àkóbọ̀, Ìbàdàn.
Alẹ́ Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Tí o bá rí àmì dúdú létí ìwé yìí, má fòyà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Láti Sátidé ni mo ti ń fọ ọwọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo tún po ṣúgà mọ́ ọṣẹ abọ́, mo fi ha á, síbẹ̀ ó ṣì kù lábẹ́ èékánná. Léèsì funfun kan wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ti ìyàwó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ọmọ iṣẹ́ ni mo ní kó máa gé e. Èmi kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn.

Báwo ni Leeds? Bàbá Tóbi ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Gbogbo ilé kí yín. Ìyá mi ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti rí aṣọ tí o fi ránṣẹ́, pé ó bá àwọn mu, ṣùgbọ́n kí o má ra èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn mọ́.

O rántí ọjọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí o ń ṣàròyé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ níbi tí o ti lọ pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò? Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní èmi ní mẹkáníìkì tèmi níbí, ọmọlúàbí ènìyàn, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọlúàbí! Jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe là.

Bọ́ọ̀lù Kọ́lá ló yí wọ abẹ́ Corolla. Ọmọ náà ń sunkún, ni mo bá da àyà délẹ̀, mo tan iná fóònù. Ike tó yẹ kó bo abẹ́ mọ́tò yẹn ti já dànù kí wọ́n tó kó o ti Amẹ́ríkà wá, torí náà kò sí ohun tó bo ẹ́ńjìnnì lójú. Fíltà ọ́ìlì, agolo tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, ló kọjú sí mi. Búlúù ni. Ó ti dípẹtà létí yíká, ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn lára, ohun tí wọ́n kọ sí i kò ṣeé kà mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, láàárín ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni èmi fúnra mi lọ sí Aráròmí ní Géètì, tí mo ra fíltà pẹ̀lú ọ́ìlì, tí mo gbé wọn lé ọ̀gbẹ́ni yìí lọ́wọ́. Funfun ni fíltà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, funfun bí ẹyin adìẹ.

N kò bá a jà. Mo pè é, mo bi í jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Kọ́lá, àwọ̀ rẹ̀ ló ṣí. Ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná." Funfun ṣí, ó di búlúù! Ẹ̀rín pa mí kí inú tó bí mi.

Ohun tó jẹ́ kí irú ìyànjẹ yìí rọrùn ni pé mọ́tò kì í kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ṣe fíltà fi ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sínú rẹ̀: tí ìdọ̀tí bá ti dí i pa, ọ̀nà yẹn á ṣí, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ. Ọ́ìlì ń lọ, mọ́tò ń lọ, ìdọ̀tí náà sì ń bá wọn lọ, ó ń ha irin inú lọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ta ló máa rántí fíltà? Wọ́n á ní tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó.

Mo ní ó tó. Ṣebí ọmọ dírẹ́bà ni mí. Bàbá mi wa lọ́rì gba ọ̀nà Jẹ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo sì máa ń gbé àtùpà fún wọn tí wọ́n bá wọ abẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Ohun tí mo rántí jù ni bí wọ́n ṣe máa ń fi ìka méjì ra ọ́ìlì, tí wọ́n á wò ó, tí wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, bí ìgbà tí ìyá mi bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Mo kọ́kọ́ wá ìwé tó bá mọ́tò wá, ó wà nínú àpótí iwájú, kò sí ẹni tó ṣí i rí. Ohun tó sọ ni ọ́ìlì 5W-30, lítà 3.7 tí èèyàn bá pààrọ̀ fíltà pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo dé Aráròmí ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń tà á yarí. Ó ní, "Màmá, 20W-50 ni kí ẹ gbà, ooru Ìbàdàn yìí pọ̀ ju omi lásán yẹn lọ." Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Lóòótọ́, òtútù bíi ti Leeds kì í mú ní Àkóbọ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ tí mo bá ta mọ́tò, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ sáré gun orí ẹ́ńjìnnì kí irin tó máa ha irin, èyí tó ki jù á máa fà bí ìgbín. Ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Lítà mẹ́rin gba ₦32,000 lọ́wọ́ mi, mo sì yẹ ìdérí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wò dáadáa kí n tó sanwó, torí ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ní Sátidé, mo wọ ṣòkòtò Bàbá Kọ́lá tó ti gbó, mo fi gèlè so irun mọ́lẹ̀. Mo ta ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo pa á, mo jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ́ìlì tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń ṣàn tó sì ń kó ìdọ̀tí jáde. Èyí tó gbóná janjan á bó ẹni lára.

Fetí sílẹ̀ níbí, torí mo mọ̀ ọ́, ìwọ náà á fẹ́ dán an wò. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Gbígbé ni iṣẹ́ rẹ̀, tó bá yọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo yá ẹsẹ̀ irin méjì lọ́wọ́ fọ́kánáísà tó wà ní oríta wa, mo gbé iwájú mọ́tò lé wọn, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo fi igi há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Mo tún fi ọwọ́ méjì mi mọ́tò náà jìgìjìgì kí n tó wọlé. Ìyá tó ń gbé ilé kejì yọjú lórí ògiri, wọ́n ní, "Ìyá Kọ́lá, ṣé kò sí ọkùnrin nílé ni?" Ọkùnrin wà nílé o. Ó ń fi fóònù ká fídíò.

Sípánà 14 ló bá bóòtì ìdí ẹ́ńjìnnì mu. Tí èèyàn bá dojú sókè, òsì àti ọ̀tún á dàrú mọ́ ọn lójú, mo sì kọ́kọ́ ń fún un le kí n tó mọ̀ pé mo ṣì í. Nígbà tó dẹ̀, mo fi ọwọ́ tú èyí tó kù, mo tì í mọ́ ihò títí ó fi tán, mo wá já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì tú jáde bí ẹni ń pọfọ̀, ó fò kọjá bẹ́sìnnì, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ bá, kí n tó ti bẹ́sìnnì síwájú. Dúdú! Ó dúdú ju àmàlà tó jóná lọ. Mo fi ìka méjì ra á bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Iyanrìn kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ìgbà tí ohun kan bá ti jó mọ́lẹ̀.

Fíltà ni kò gbọ́ràn. N kò ní sípánà tí wọ́n fi ń tú u, ọwọ́ sì ń yọ̀. Mo wé rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ Kọ́lá àtijọ́ mọ́ ọn, mo fi gbogbo ara lọ́ ọ, ó bá ké "kì", ó dẹ̀. Ọ́ìlì ṣàn gba apá mi dé abíyá. Mo fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ẹnu fíltà funfun, mo fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà rẹ̀ fi kan ojú irin, mo fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Wọn kì í fi sípánà fún un. Mo dá bóòtì padà, mo fi àrọ da lítà mẹ́ta ààbọ̀ sínú rẹ̀, mo wọlé, mo ta á.

Kọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo, "Mọ́mì, mọ́tò ń tọ̀!"

Mo pa á kíá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọ́ìlì tuntun ti tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin, ₦32,000 mi ń wá ọ̀nà gọ́tà lọ. Bàbá Kọ́lá gbé fóònù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àṣìṣe náà rèé. Tí èèyàn bá tú fíltà tó ti pẹ́, kó yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá rọ́bà rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. Èmi kò wò ó. Rọ́bà búlúù yẹn ti wà níbẹ̀ títí ó fi gan mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì, mo sì gbé rọ́bà tuntun lé e. Rọ́bà lórí rọ́bà kì í dí. Mo fi èékánná ṣí èyí àtijọ́ kúrò, ó le gbagidi bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Ṣé o rí i? Ìwà ọ̀gbẹ́ni yẹn tún bá mi dé ibi tí kò sí, ṣùgbọ́n n kò lè di gbogbo rẹ̀ rù ú, ojú mi ló yẹ kó rí i.

Bàbá Kọ́lá gun ọ̀kadà lọ ra lítà méjì sí i. Káfíńtà àdúgbò fún wa ní lẹ́búlẹ́bú igi lápò kan, a dà á lé ilẹ̀, a gbá a sínú àpò. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí i, torí kànga wa kò jìnnà síbẹ̀, inú rẹ̀ la ti ń fa omi tí a ń mu.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ta á, iná pupa ọ́ìlì kú kí n tó ka mẹ́ta, mo wo abẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. A sọ ọ́ kalẹ̀, mo dúró díẹ̀, mo fa gééjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó wà láàárín àmì méjèèjì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin tán sínú ẹ́ńjìnnì lítà 3.7 torí pé o ti sanwó rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lu ú bí ẹni ń po ẹyin, á máa hó, ìfóòfó kò sì lè gbé irin. Mo wá rántí pé ọ̀gbẹ́ni yẹn kò fi ìkán ọ́ìlì kan sílẹ̀ fún mi rí. Bóyá ó dà á sínú mọ́tò ni, bóyá ó dà á sí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀.

Ara mi kò gbà á, mo fi ayùn irin la fíltà búlúù náà. Bébà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ po bí síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì tí mo máa ń rán fún ọmọ iléèwé, ẹrẹ̀ dúdú sì kún gbogbo ojú ìṣẹ́po, ibòmíràn ti ya. Mo gbé e sí ojú oòrùn, mo wá ẹ̀rún irin tó ń dán, tó já lára ẹ́ńjìnnì, nínú rẹ̀, n kò rí i. Ọpẹ́ ni mo dá.

Káfíńtà yẹn kan náà ló kó kọ́ńdẹ́ḿ náà, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, lọ, ó fẹ́ fi kun pákó òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Mo ha bébà ara kẹ́ẹ̀gì kúrò kí n tó fi rọ ọ́ fún un, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi kẹ́ẹ̀gì mi ta ayédèrú. Tìẹ, ibi tí káńsù ti ń gba pàǹtí ni kí o gbé e lọ, wọ́n máa ń gbà á níbẹ̀.

Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, máìlì ló ń kà. Mo ti kọ ọ́ sórí téèpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: tó bá ti rin 3,000 máìlì sí i, mo tún máa wọ abẹ́ rẹ̀. Eruku àti gósílóò ìlú yìí kò jẹ́ kí n fẹ́ dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Dìsẹ́ḿbà, bá mi ra sípánà fíltà tó dà bí fìlà, tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lórí. Mo ti ka ojú tó wà létí fíltà funfun náà, mẹ́rìnlá ni, màá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá Kọ́lá ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fo ibi tí mo ti ń pariwo.

Láàárọ̀ yìí ni mẹkáníìkì yẹn pàdé mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kí mi dáadáa, ó ní ọjọ́ wo ni mò ń gbé mọ́tò bọ̀ wá fún sẹ́fíìsì. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ìlàjì fíltà búlúù náà wà nínú búùtù mi, mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Kí Tóbi fún mi o. Sọ fún un pé Kọ́lá ń bi í pé ṣé mọ́tò tiwọn náà máa ń tọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyọ̀ká