Sí Àjọkẹ́, lórí ẹrù tó gba yàrá kejì

Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Àjọkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìyanu. Ìyá rẹ sọ fún mi pé àwọn nọ́ọ̀sì ní ohun gbogbo ń lọ dáadáa pẹ̀lú oyún náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti ń to àpò rẹ̀ láti wá bá ọ gbé ọmọ. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn, mo sì fẹ́ kí o lè máa padà kà á bí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ náà lọ.

Yàrá kejì yẹn ni. Nígbà tí mo wá kí yín lọ́dún Àjíǹde, mo rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí tán mọ́. Àpò Ghana-must-go gun ara wọn dé ojú fèrèsé, páálí tẹlifíṣọ̀n, páálí fáànù, jẹnẹrétọ̀ tó ti kú, kúlà, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ìrántí ayẹyẹ lóríṣiríṣi. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà torí àlejò wà nílé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìyá rẹ máa sùn, ibẹ̀ ni ọmọ tuntun máa wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí ọmọ tó dé.

O mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín. Orúkọ tí ìlú ń pe iṣẹ́ náà kí ẹ tó dáyé ni wolé-wolé. A máa ń wọ ilé dé ilé, a máa ń yẹ inú àmù wò bóyá ọmọ ẹ̀fọn wà níbẹ̀, a máa ń yẹ ibi ìdáná wò, a máa ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Bí wọ́n bá ti gbúròó wa ní òpópónà, wọ́n á da omi àmù nù, wọ́n á sì ti gbogbo jágbajàgba wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an la kọ́kọ́ ń bẹ̀ wò. Láyé ìjọba ológun Buhari, 1984 sí 1985, tí wọ́n dá sánítéṣọ̀n Sátidé ìparí oṣù sílẹ̀, gbogbo èèyàn jáde, wọ́n kó gọ́tà, wọ́n roko ojú títì. Ìta mọ́ lóòótọ́. Inú yàrá wà bó ṣe wà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohun tí ojú ayé ń rí ni èèyàn ń tọ́jú, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni a ti ń sùn, inú ilé la ti ń jẹun.

Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò kà ọ́ sí ọ̀lẹ tàbí ọ̀bùn. Àwọn obìnrin tó mọ́ jù lọ ni mo ti bá ẹrù tó pọ̀ jù lọ nílé wọn, torí wọn kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. "Ó lè wúlò lọ́la" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí owó ọjà sì ṣe rí lónìí, ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó bá ju bọ́kẹ́ẹ̀tì nù lónìí lè má rówó ra òmíràn lọ́la. Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé kí o kàn máa da nǹkan nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tó ń jẹrà nínú àpò kò sí nípamọ́. Aṣọ tí ọ̀rinrin ti mú, ìwé tí ikán ti dé ìdí rẹ̀, fóòmù tí eku ti bímọ sínú rẹ̀, o ti pàdánù wọn, àyè tí wọ́n gbà nìkan ló kù tí o lè gbà padà. Èyí tó bá ṣì dára, ìsinsìnyí ló yẹ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí ẹni tó máa lò ó lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eku ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí ó kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé yẹn. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, a kì í fi eku ṣeré mọ́. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lásà mọ̀, ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Lóde òní, ìpínlẹ̀ wa yìí wà lára àwọn ibi tó ti ń jà jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú wa sì ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn wá. Eku kan tó ní ọmú tó pọ̀ níkùn ló ń gbé àrùn náà kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń ba oúnjẹ, abọ́ àti ohun èlò jẹ́. Ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 21 kó tó fara hàn lára ẹni tó bá kó o, ó sì máa ń dà bí ibà lásán níbẹ̀rẹ̀. Ó léwu fún aboyún gan-an, pàápàá tí oyún bá ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, bíi tìrẹ báyìí.

Nítorí náà ìwọ kọ́ ló máa tú yàrá yẹn. Gbé àga síta, jókòó, kí o máa sọ ibi tí wọ́n máa gbé nǹkan sí. Kí ọkọ rẹ àti Délé àbúrò rẹ máa gbé e. Mo ti bá Délé sọ̀rọ̀, ó máa wá ní Sátidé. Bí wọ́n bá rí ìgbẹ́ eku, kí wọ́n má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, torí eruku rẹ̀ á wọ imú wọn. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n po Jik mọ́ omi, kí wọ́n wọ́n ọn sórí rẹ̀ títí á fi rin, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n wá fi àkísà kó o, kí àkísà náà sì bá ìdọ̀tí lọ. Kí wọ́n wo ìdí ògiri dáadáa. Ihò èyíkéyìí tí ìka ọwọ́ bá lè wọ̀, kí wọ́n ki kànìnkàn onírin bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹrù tí ẹ bá dá padà, ẹ má tò ó sórí ilẹ̀ lásán, ẹ má sì fi ti ògiri. Ẹ fi pákó gbé e, kí ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàrín òun àti ògiri, kí ojú yín lè máa tó ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì bá lè dé, eku kì í sábà fi ṣe ilé.

Gbogbo páálí gbọ́dọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ń pa páálí tẹlifíṣọ̀n mọ́ nítorí ọjọ́ tí ẹ bá máa kó kúrò nílé onílé. Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́. Aáyán máa ń lẹ ẹyin mọ́ ihò inú páálí, ibẹ̀ ló sì ń gbà wọlé láti ọjà.

Káńfọ̀ ńkọ́? Fa ìlà sí abẹ́ ibi tí mo fẹ́ sọ yìí. Aṣọ ọmọ òòjọ́ tí Ìyanu lò, inú àpótí ló wà, pẹ̀lú káńfọ̀ tí ẹ kó sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní róbótó funfun yẹn, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú oyún. Ó wọ́pọ̀ láàrín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin, a kì í sì í fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó wọ aṣọ tó ti mu ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ẹyinjú rẹ̀ àti ara rẹ̀ á di yẹ́lò. Ìyẹn wà lára ohun tó ń fa ibà apọ́njú tó ń dé sára ọmọ tuntun. Tó bá le, ó ń kọlu ọpọlọ, ọmọ mìíràn ń tibẹ̀ di adití, òmíràn ń kú. Ẹ kó gbogbo aṣọ náà jáde báyìí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn lọ́pọ̀ ọjọ́ títí òórùn náà á fi lọ pátápátá. Èyí tó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn náà, kó má kan ara ọmọ. Kí káńfọ̀ má sì sí nínú yàrá yẹn mọ́ rárá, ì báà jẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ì báà jẹ́ nínú àpò ìyá rẹ. Mo ti sọ fún òun náà.

Aṣọ ẹbí ló pọ̀ jù nínú àwọn Ghana-must-go yẹn, àbí? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú yàrá yẹn, àkísà rẹ ti ju tèmi àti ìyá rẹ lọ, ó sì dùn mí, torí mo mọ iye tí o ń ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aṣọ tí o wọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò sì gbà ọ́ mọ́, kí ni o ń dè? Fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, torí ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi: wọ́n ní a kì í mọ ohun tí ẹni ẹlẹ́ni lè fi aṣọ èèyàn ṣe. Bí ọkàn rẹ kò bá gbé e láti fún àjèjì, fọ̀ ọ́, gbàdúrà sí i bí o ṣe ń gbàdúrà, kí o wá fún ẹni tí o mọ̀ dájú. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Ìfọ́n àti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ máa gbà á tìdùnnú-tìdùnnú. Èyí tí kò bá ṣeé fúnni, gé e sí àkísà, kí o mú ìwọ̀nba tí ilé nílò, kí ìyókù máa lọ.

Aṣọ òkè ìyá mi tí mo fún ọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn, kí o yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú un làágùn. Fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, kí o máa yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ìrántí, mú èyí tí ẹ fi ń jẹun, tí ẹ fi ń pọnmi. Ìyókù, bó àwòrán olóògbé kúrò lára rẹ̀ tó bá ṣeé bó, kó fún àwọn ìyá olóúnjẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà yín. Ẹni tó fún ọ kò ní wá béèrè rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí o ní fún un ti hàn lọ́jọ́ tí o lọ síbi ayẹyẹ náà.

Ẹrù ọkọ rẹ, má ṣe fọwọ́ kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn àti àwọn wáyà yẹn, bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Owó díẹ̀ á ti ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya tí wọ́n ti pè mí láti parí, ohun tí ẹnì kan dà nù láìbéèrè ló fà á.

Nínú kíṣìnnì, ohun méjì péré. Kẹrosíìnì tó wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ síńkì, kó kúrò níbẹ̀ lónìí yìí kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Ìyanu, ohun tó bá wà nínú ìgò ọtí, ọtí ló máa pè é. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ni kó wà, lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Bí ọmọ bá sì ṣèèṣì mu irú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní epo pupa, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó bì í, torí ó lè ti ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sniper. Ìgò kékeré oníwọ̀n 100 ml rẹ̀ ni NAFDAC fòfin dè ní 2019. Bí ó bá ṣẹ́kù sílé yín, ẹ má fi sínú ẹ̀wà láé. Tí o bá fẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́, wá ike tó ní ọmọrí tó le, rọ ẹ̀wà gbígbẹ kún un dé ẹnu, dé e pa. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, wọ́n á kú fúnra wọn.

Ìwé yín ni kí ẹ fi parí. Ìwé-ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìbí Ìyanu, risíìtì ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra, àti ìwé ìdánilójú owó ilé, kó gbogbo wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo, ya àwòrán wọn sórí fóònù, kí èmi náà ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Ìwé iná ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún yín.

Ẹ má gbìyànjú láti tú u tán lọ́jọ́ kan. Ìdajì yàrá ní Sátidé yìí, ìdajì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ẹrù tó bá jáde kò gbọ́dọ̀ sun pálọ̀, kó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí bí ó bá sùn mọ́jú, ẹ máa tún gbé e padà.

Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ níbí, ó máa kan pẹpẹ kan fún yín. Kí Délé wọn ògiri tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún, gígùn rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ á bá ọkọ̀ gbé e bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ