Màámi, òkè tí ẹ ò ní fẹsẹ̀ gùn rèé o

Màámi mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ojú lọ́nà. Bàámi ńkọ́, ṣé ara wọn ti le? Àwa níbí wà dáadáa, òtútù nìkan là ń bá fà á.

Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí ẹ wá ń pariwo pé kí ni mo lọ wá lórí òkè, ṣé mo fẹ́ já bọ́ ni, mo ní kí n jókòó kọ ọ́ dáadáa torí voice note ò lè gbà á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín náà sì ń ṣe ségesège. Como ni mo lọ, ìlú etí adágún ńlá kan ni lápá òkè Ítálì níbí, kò jìnnà sí Milan rárá. Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn lọ́jọ́ Sunday, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá kó sí reluwé.

Ẹ̀yìn ìlú yẹn báyìí ni òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró gangan, abúlé kan tó ń jẹ́ Brunate ló wà lókè ẹ̀, nǹkan bíi 715 mítà ló fi ga ju ojú òkun lọ. Funicolare ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ń gùn ún, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1894, ẹ̀ẹ́ńjìnnì tó ń lo ooru omi gbígbóná ló kọ́kọ́ ń fà á, 1911 ni wọ́n tó gbé e sórí iná mànàmáná. Inú ẹ̀ ò tẹ́ pẹrẹsẹ o, wọ́n ṣe é ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn kí èèyàn má bàa máa yọ̀ lọ sẹ́yìn.

Ẹ bi mí pé ṣé kò ní já. Ọkọ̀ méjì ni, Màámi, wáyà irin tó ki dáadáa ló so wọ́n pọ̀, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀, bíi korobá méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan lẹ́nu kànga. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fi ìwúwo ara ẹ̀ ran èyí tó ń gòkè lọ́wọ́, torí ẹ̀ ni ẹ̀ẹ́ńjìnnì ò fi níṣẹ́ tó pọ̀ láti ṣe. Tí wáyà bá tiẹ̀ já, bíréèkì wà lára ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tó máa gán ojú irin mú. Ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò o, àárín ọ̀nà nìkan ló ti pín sí méjì kí wọ́n lè yà fún ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀! Ṣàdédé ni mo rí èyí tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó dojú kọ wá gan-an, mo di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú, mo ti ń pe Jésù, àfi wìì, ó yà, a yà, ọmọdé kan nínú ti ọ̀hún yọ ahọ́n sí mi.

Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ tí a fi débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn lẹ ó máa rí lójú ọ̀nà, aṣọ tí wọ́n sá, lẹ́yìn náà adágún yẹn á wá yọ nísàlẹ̀, ó jìn ju 400 mítà lọ, àwọn ọkọ̀ ojú omi orí ẹ̀ wá kéré débi pé ìlà funfun tí wọ́n ń fà sẹ́yìn lẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí àwọn gan-an. Lọ́ọ̀ọ́kán, òkè oníyìnyín lọ rẹrẹẹrẹ. Àmọ́ kọfí tí wọ́n ń tà níbẹ̀, olè ni wọ́n! Mo ti di dòdò àti ẹran díndín dání ní tèmi.

Ẹ bá mi sọ èyí fún Bàámi: ilé iná gogoro kan tún wà lókè Brunate, 1927 ni wọ́n kọ́ ọ, láti fi rántí Alessandro Volta tó kú ní 1827. Ọmọ Como ni, òun ló ṣe bátìrì àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ náà ni volt tí Bàámi fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wọ̀n lára wáyà oníwáyà. Lálẹ́, àwọ̀ àsíá Ítálì ni iná ibẹ̀ ń tàn, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe NEPA ló ń fún wọn ní tiwọn o. Ẹsẹ̀ ni àwa fi rìn débẹ̀, ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń lọ.

Màámi, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Orúnkún yín ò jẹ́ kí ẹ lè gun Olúmọ mọ́, ẹ wá ń sọ pé kí lẹ fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi bó ṣe pé ẹ ò lè rìn. Ẹ ó jókòó ni, wọ́n á fà yín gòkè. Ẹ ní kí Táyé bá yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pásípọ́ọ̀tù lọ́sẹ̀ yìí, owó ẹ̀ wà nínú àkáǹtì ẹ̀, kó má fi ra fóònù o. Mo ti ra ẹ̀wù òtútù yín, àwọ̀ búlúù tí ẹ fẹ́ràn. Nọ́ńbà bàtà yín nìkan ni mi ò mọ̀ mọ́, ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùkọ́lá