Bàbá, ẹ bá mi wo òjò yìí

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Àwòrán ni mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí, kì í ṣe owó. Owó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Rembrandt, ará ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe é lọ́dún 1643, lẹ́yìn ikú Saskia ìyàwó rẹ̀. Kò fi ọ̀dà kùn ún. Ńṣe ló fi ìda bo pẹlẹbẹ bàbà, ó fi abẹ́rẹ́ ha oko sára ìda náà, ó sì da ásíìdì sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà nìkan ni ásíìdì rí jẹ. Ó wá fi yíǹkì pa á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà.

Igi mẹ́ta ló wà lórí òkè lápá ọ̀tún. Lápá òsì, pápá tẹ́ lọ salalu, màlúù ń jẹko. Ọkùnrin kan ń fi ìwọ̀ pẹja, obìnrin kan jókòó tì í. Nínú igbó tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, tọkùnrin tobìnrin kan fara pamọ́. (Ẹ má fi ìyẹn han Màmá.) Ayàwòrán kan jókòó sórí òkè, ó kẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní ayé ìdákẹ́jẹ́ ará oko nìyí. Ìdákẹ́jẹ́ wo, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú báyẹn lókè lápá òsì? Àwọn kan ní òjò ń bọ̀, àwọn kan ní ó ti ń dá. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn sá kòkó rí. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbójú sókè, tí ẹ ní kí n yára kó kòkó nílẹ̀? Oòrùn ń ràn ganrínganrín, mo ń kùn sínú. Mi ò tíì kó o dé ìdajì tí òjò fi dé.

Kí ẹ tó dáhùn: bí wọ́n bá tẹ pẹlẹbẹ yẹn mọ́ bébà, òsì á di ọ̀tún. Bó bá jẹ́ bó ṣe rí oko náà ló ṣe hà á, a jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni òjò wà. Ẹ wo ewé igi, ẹ wo àwọn màlúù. Ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ti ń lọ? Ẹ ní kí àbúrò mi fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù.

Bí inú ilé bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé e síta wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run o.

Ọmọ yín.