Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ́ńjìnnì Jámánì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá rí ẹ́ńjìnnì Jámánì ayé Ogun Àgbáyé Kejì nínú yàrá ìkẹ́rùsí, kó má ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin sí i! Karosíìnì àti àkísà ló tó. Àmì tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni ẹ̀rí ibi tó ti wá, búrọ́ọ̀ṣì sì lè ha á dànù. Bí kò bá sí orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ wá lẹ́tà kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Òun ni wọ́n fi ń pa orúkọ mọ́ fún ọ̀tá. “Baujahr” ni ọdún tí wọ́n ṣe é, “Bohrung” ni fífẹ̀ inú sílíńdà, “Hub” ni ìrìn písítìn.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì Volkswagen onísílíńdà mẹ́rin tí inú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 70 mm jẹ́ 985 cc. Èyí tó fẹ̀ ní 75 mm, láti 1943, jẹ́ 1131 cc. Ṣùgbọ́n sílíńdà ṣeé pààrọ̀, ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Ẹ má fipá yí ẹ́ńjìnnì náà: ríìngì písítìn tó ti dípẹtà á kán. Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì.