Àánú nìkan kò tó ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sí ìjà ilé kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn tí wọn kì í gbé wá sílé mi. Ìyàwó tí ọkọ sá fi sílẹ̀, ọmọ àgbàtọ́ tí wọ́n ń lù, gbogbo rẹ̀ ló ń di, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Màmá Tíṣà." Ká má purọ́, orí mi máa ń wú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àpá. Ojú obìnrin tó ń gbà á tọ́ ni mo ti bi í pé, "Ta ló nà ọ́?" Ọmọ wo obìnrin náà, ó ní òun ṣubú ni. Mo gbàdúrà fún wọn, mo ní kí wọ́n máa lọ. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi gbé ọmọ náà dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà yè é, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ àti ìdílé tó wà nínú ìṣòro, ní Yunifásítì Ìbàdàn ló fi ibi tí mo ti ṣìṣe hàn mí. Ó ní, "Mà, a kì í bi ọmọ lọ́rọ̀ níwájú ẹni tó ń bà á lẹ́rù." Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, kí n má sì ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó tún dé ilé náà fúnra rẹ̀. Ó wo ibi tí ọmọ ń sùn, ó bèèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé gbèsè gbọ́mú-lé-láńtà ti dé obìnrin náà lọ́rùn. Èmi kò tiẹ̀ ronú kan ibẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí wọ́n ṣèwádìí ilé tí ọmọ ti ń bọ̀ kí ilé ẹjọ́ tó parí ẹjọ́ ọmọ tó rúfin. Ta ni yóò ṣe ìwádìí ọ̀hún? Ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí mo dé, akọ̀wé tí wọ́n gbé wá láti ẹ̀ka mìíràn ni mo bá nídìí tábìlì wẹ́fíà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àpò ara rẹ̀ ló fi ń wọ ọ̀kadà lọ wo àwọn ìdílé, bí owó bá wà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní social worker, ìyẹn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ọ̀dọ́bìnrin tí mo ń sọ yìí ti ń wá físà lọ síbẹ̀. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ gba irú wọn síṣẹ́ kí wọ́n tó lọ tán. N kò sọ pé kí Ìyálọ́jà tàbí Ìmáàmù lọ gba digirí o. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ ń kọ́kọ́ dé, kí wọ́n kọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Bó bá jẹ́ ibi tí a ó jókòó sí ni ìṣòro, pálọ̀ mi gba ogún èèyàn, mo sì ní àga.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn