Ìṣọ̀lá, má tíì sanwó ọ̀pá ìbọn yẹn

Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìṣọ̀lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Amẹ́ríkà ti dẹwọ́ díẹ̀? Ìyá Bọ́lá ní kí n kí ọ, ó ní òun ò tíì gbàgbé gbèsè ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí o jẹ sá lọ. Bọ́lá ti parí ní yunifásítì Àlàbàtà, àgùnbánirọ̀ ló ń retí báyìí. Gáàsì gbówó lórí, a ti padà sídìí èédú. Ojú mi ọ̀tún ń ṣe bàìbàì, mo ti ra jígí. Ìròyìn ilé tán. Jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìbọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní ìbọn .308 rẹ kì í ba ibi tí o yìn ín sí mọ́, pé àgbọ̀nrín kan dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, o sì tàsé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ Bàbá Ọdẹ ló tàsé ẹran tó dúró! O wá ní ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀pá ìbọn àlòkù fún ọ, kí n bá ọ wò ó nínú fọ́tò.

Èmi náà ní ìbéèrè. Kí ló jẹ ọ̀pá tìrẹ? Sójà kan tó ti fẹ̀yìntì wà lọ́nà Lafẹ́nwá níbí, ìtọ́jú ìbọn ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, mo gbé ẹjọ́ rẹ lọ bá a. Ó ní ọ̀pá .308, tí wọn ò bá máa yìn ín léraléra títí tó fi gbóná, ó lè gba ọta bí 5,000 kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọdún 12 lo ti ń lo tìrẹ. Ká ní ọta 40 lo ń yìn lọ́dún, àtèyí tó ba ẹran àtèyí tó ba igi, kò tíì pé 500. Ta ló wá jẹ ẹ́?

Ó ní síkúrù tó so awò mọ́ orí ìbọn ni kí o kọ́kọ́ dì, kí o sì yẹ àwọn tó so irin mọ́ igi ìdí rẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá dẹ̀ nínú wọn, ńṣe ni ọta á máa rìn bí ọ̀mùtí. Tó o bá ṣe ìyẹn tán, fọ inú rẹ̀. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò lára máa ń fi bàbà sílẹ̀ nínú ọ̀pá bó bá ṣe ń kọjá, ó sì ń pọ̀ sí i títí ìbọn fi máa ṣìnà. Oògùn tó ń yọ ọ́ wà lọ́dọ̀ yín. Àkísà á máa jáde ní àwọ̀ búlúù. Ìgbà tí kò bá jáde ní búlúù mọ́ ni kí o gbé ìbọn lé àpò iyanrìn lórí tábìlì, kí o yìn ín wò. Tún fọwọ́ pa etí ẹnu rẹ̀ yíká, níbi tí ọta ti ń fi ọ̀pá sílẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ti ha tàbí tó kán bíńtín, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde ṣáájú, á sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Alágbẹ̀dẹ ìbọn lè tún ẹnu náà gé, owó iṣẹ́ yẹn kò sì tó owó ọ̀pá.

Tó bá jẹ́ pé dandan ni o fẹ́ ra àlòkù, má rà á lójú fọ́tò. Fọ́tò náà ni Ìdòwú fi fẹ́yàwó, o sì mọ bó ṣe parí. Lọ bá a níbẹ̀. Tan iná sí ìdí ọ̀pá, kí o wo àwọn ìlà tó ń yí nínú rẹ̀ bí okùn tí wọ́n lọ́: ṣé etí wọn ṣì mú láti ìdí dé ẹnu? Ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn iwájú ibi tí ọta ń jókòó, ni iná ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ibẹ̀ bá ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, dágbére fún un. Fi ọ̀pá ìnubọn ti àkísà tó há gba inú rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Tó bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ níbì kan, ibẹ̀ ti wú. Ìpẹtà tó bá ti gbẹ́ ihò, kò sí òróró tó lè dí i. Bi olówó rẹ̀ léèrè bí ìlà inú rẹ̀ ṣe ń yí, ṣé ẹ̀ẹ̀kan nínú ínǹṣì 12 ni àbí ínǹṣì 10, torí ọta tó gùn tó sì wúwo ń fẹ́ èyí tó ń tètè yí. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe fọwọ́ ara rẹ dè é mọ́ ìbọn kí o máa yìn ín lọ. Alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n bóyá ọta jókòó pa nínú ilé rẹ̀. Ojú ẹni ló ń san gbèsè àṣìṣe yẹn.

Ṣé o rántí ọkùnrin Odẹ́dá tó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì wá ká bá a yẹ̀ ẹ́ wò? Bàbá tú ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára igi, wọ́n fi okùn gbé e kọ́ sára ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n wá fi oríkèé ìka kàn án. Àwa ń retí kó dún bí agogo. Pọ̀ọ̀, bí ìkòkò tó sán. Bàbá wo ọkùnrin náà, wọ́n ní, “Lẹ́ẹ̀dì tó lẹ ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti tú. Àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.” Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Láti bí oṣù mélòó kan, gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi, kì í sì í ṣe torí ìbọn. Mi ò ní tú ohun tó wà láàárín ìwọ àti Bàbá síta.

Ìbọn wọn ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Orúkọ wọn ló wà lára ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe ogún. Èmi àti Délé àbúrò rẹ la gbé e lọ. Kí n tó fà á lé wọn lọ́wọ́, mo ṣí i, mo kọjú rẹ̀ sójú ọ̀run bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò sí òjìji kankan nínú ọ̀pá méjèèjì. Ó mọ́ tónítóní, Ìṣọ̀lá. Pẹ̀lú bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n lọ́dún tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n ṣì ń nù ún.

Olúọdẹ tún wá bá mi ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣípà Bàbá ni, ètùtù tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń dágbére fún ọdẹ tó kú. Wọ́n ní ọdẹ tí ẹgbẹ́ ò tíì ṣípà fún ò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn ò sì lè ṣe é láìsí ohùn àkọ́bí. Mo mọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ máa sọ. Mi ò bá ọ jà, mi ò sì ní kí o gbé igbá ẹnikẹ́ni dání. Tó o bá lè wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú mi á dùn. Tí kò bá ṣeé ṣe, fi ẹnu ara rẹ sọ fún Olúọdẹ pé Délé ni kó dúró fún ọ. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́.

Wọ́n á wà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa. Èmi ni n ó bá wọn di fóònù mú. Bí o bá ti dì síkúrù yẹn kó tó dìgbà náà, sọ fún mi bó ṣe yìn.

Èmi ni,
Àkànjí